Ẹ kú ooru o! Ìgbà wo lẹ fura pé àdúgbò yín ń gbóná?

Àkànní Ìdí Mángòrò
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ooru. Aago méjì òru ni mo ń kọ èyí. Iná ti lọ láti aago mẹ́sàn-án. Mo tẹ́ ẹní síta, sórí kọnkéré iwájú ilé wa l'Ágbowó, n'Ìbàdàn, kọnkéré yìí sì ń yọ ooru sí mi lẹ́yìn bí ìdí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Òru mà ni o! Nígbà tá a wà ní kékeré nínú ilé yìí kan náà, aṣọ òfì ni ìyá wa fi ń bò wá tí ọyẹ́ bá dé, a ó sì tún máa gbọ̀n rìrì. Ẹ sọ tiyín. Ohun tí ojú yín rí o, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ gbọ́ lórí rédíò.

Ìyá Ìbejì Agége
Bọ̀dá, ẹ sùn. Ẹni tó bá ń ro ooru lòógùn ẹ̀ ń pọ̀.

Dáda Ọlọ́kadà
Kò sẹ́ni tó máa sọ èyí fún mi, ara mi ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Mọníyà sí Ìwó Road ni mo ń ná láti 2009. Tí mo bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ yẹn, níbi tí igbó wọn ti ṣú, atẹ́gùn tútù á gbá mi láyà bíi pé ẹnì kan ṣí fíríìjì. N óò dé Òjòó, wọ́n ti pa fíríìjì dé. Kí n tó dé Ìwó Road, ojú mi ti di súyà. Ọ̀sán kan náà, oòrùn kan náà, ọ̀kadà kan náà.
Àkànní, ìdí mángòrò tẹ́ ẹ fi ń jẹ́ orúkọ dà? Ẹ kúkú lọ tẹ́ ẹní sábẹ́ ẹ̀.

Ọmọ Èkó Gidi
Ìbàdàn náà lẹ̀ ń pè ní ooru? 😂 Ẹ máa bọ̀ l'Ékòó kẹ́ ẹ wá rí ooru tó ní láísẹ́ǹsì. Ọjọ́ 11 oṣù kejì 2024, ọjọ́ tí Ivory Coast fi 2-1 gba ife bọ́ọ̀lù Áfíríkà mọ́ wa lọ́wọ́, ilé ìwòran kan ní Muṣin ni mo wà. Pánù lókè, pánù lẹ́gbẹ̀ẹ́, èèyàn kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, fáànù mẹ́ta péré, wọ́n ń fẹ́ ooru láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíì. Kí Haller tó gbá èkejì wọlé, bọ̀dá kan tó jókòó níwájú mi ti ṣubú lulẹ̀. Píọ̀ wọ́tà mẹ́fà la dà sí i lórí kó tó lajú. Ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni "mélòó sí mélòó?"

Àlàbí Ọmọ Ààfáà
Góòlù Kessié ló dá bọ̀dá yẹn kú, kì í ṣe ooru.

Ọmọ Èkó Gidi
Ó ṣeé ṣe o. Àmọ́ nígbà tí mo délé, mo fún ẹ̀wù mi, omi jáde.

Tísà Físíìsì
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀, iṣẹ́ mi ni. Ọ̀sẹ̀ tí Ọmọ Èkó ń sọ yẹn, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ooru tí ara èèyàn ń gbọ́ ní agbègbè Èkó nígbà náà tó nǹkan bí ìwọ̀n 50, bẹ́ẹ̀ tẹmọ́mítà fúnra ẹ̀ ò sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló fà á. Òógùn ò ríbi gbẹ sí, òógùn tí ò bá sì gbẹ, kì í mú ooru kúrò lára, ó kàn ń ba aṣọ jẹ́ ni.
Ní ti òru tí Àkànní ń ráhùn lé lórí, ẹ wo ọ̀dà ojú títì, kọnkéré, ògiri búlọ́ọ̀kù. Oòrùn ni wọ́n ń mu látàárọ̀ bí ọ̀mùtí. Tílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bì í sí wa lára. Igi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Igi ń fa omi nílẹ̀, ó ń tú u jáde lójú ewé, omi tó ń gbẹ lójú ewé yẹn ló ń tu àyíká ẹ̀ lára. Ìdí nìyẹn tí ìyàtọ̀ ìgboro àti oko fi máa ń hàn jù lóru. Ẹ wá fi jẹnẹrétọ̀ kún un, ẹ fi ẹ́ńjìnnì mọ́tò kún un, ẹ fi ẹ̀yìn éèsì kún un, èyí tó ń kó ooru inú yàrá olówó jáde sójú fèrèsé tálákà.

Àlàbí Ọmọ Ààfáà
Tísà, ẹ dúró ná. Ṣé gbogbo ayé ló ń gbóná ni àbí ìgboro? Lọ́jọ́sí ẹ ní fákítírì àwọn òyìnbó ló fà á. Lónìí, ọ̀dà Ìwó Road ni. Ẹ mú ọ̀kan.

Tísà Físíìsì
Méjèèjì ni. Ẹrù méjì, orí kan ló rù ú. Ti gbogbo ayé ń bá Dáda ní Mọníyà, ó ń bá a ní Ìwó Road. Èyí tí Ìwó Road fi ju Mọníyà lọ lọ́jọ́ kan náà, ọwọ́ ara wa la fi ṣe é.

Kọ́lá Oníkọ̀rólà
Dáda ò parọ́. Mọ́tò mi máa ń sọ bí ìta ṣe gbóná tó lójú dáṣíbọọ̀dù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ IITA ó ní 31, ní Ìwó Road ó ní 36.

Bíríkìlà Ọmọ Ọ̀yọ́
Èyí tó wà lábẹ́ bọ́ńpà, tó ń mí ooru ọ̀dà sínú? Ẹ̀rí tẹ́ ẹ mú wá nìyẹn?

Kọ́lá Oníkọ̀rólà
Ọ̀dà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ IITA náà.

Bíríkìlà Ọmọ Ọ̀yọ́
Ẹ̀ ń sáré níbẹ̀. Ní Ìwó Road, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ni, ẹ́ńjìnnì tiyín àti ti ẹni tó wà níwájú yín ló ń sè yín pọ̀.

Dáda Ọlọ́kadà
Èmi ò ní bọ́ńpà. Èmi ṣì ń gbóná.

Ìyá Ìbejì Agége
Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí n tó lọ ṣílé ìtajà. Yàrá kan la wà, fésìmí-ń-fésìẹ, fèrèsé kan ṣoṣo, ó sì kọjú sí ògiri. Ooru yọ sí àwọn ìbejì mi lọ́rùn, ó yọ sí wọn láyà, ó yọ sí abẹ́ apá. Páúdà wo ni mi ò ra? Ìyá kan lọ́jà ní kí n fi àdí àgbọn pa wọ́n, ó tún wá le sí i. Ni ìyá mi bá ní kí n kó wọn wá sí oko àwọn l'ẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Ẹ wo bẹ́ẹ̀sì ọjọ́ yẹn, mi ò ní sọ ọ́, dírẹ́bà yẹn pẹ̀lú Ọlọ́run ni. Alẹ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ sùn. Ọmọ tí kì í sùn o! Ọjọ́ kẹta, gbogbo ẹ̀ ti gbẹ, ó ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Inú mi dùn, mo padà sí Agége. Alẹ́ kejì tá a dé, Táyé ti ń họ ọrùn. Kẹ́hìndé dúró di ọjọ́ kejì ẹ̀, torí kì í kánjú ní tiẹ̀.

Kọ́lá Oníkọ̀rólà
Ó lè jẹ́ omi tẹ́ ẹ fi ń wẹ̀ wọ́n.

Ìyá Ìbejì Agége
Kọ́lá, bọ́ńpà ẹ ni kó o máa bójú tó.

Àdùkẹ́ Bódìjà
Mo ti ń kà á láti òwúrọ̀, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Tísà ti mẹ́nu ba igi.
Ilé bàbá wa wà ní Bódìjà, àwọn ilé ayé Western Region yẹn, ilé kékeré, ọgbà ńlá. Igi mángòrò kan wà níwájú, bàbá wa ló gbìn ín lọ́dún tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi àgbà. Abẹ́ ẹ̀ la ti kọ́ ABD. Abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n tẹ́ àga sí lọ́jọ́ tá a sin bàbá náà. Ní 2017, àwọn àbúrò mi tó wà lókè òkun fowó ránṣẹ́ pé ká fi intálọ́ọ̀kì sí gbogbo ọgbà. Igi wá ń dí oníṣẹ́ lọ́wọ́. A ṣì ń rò ó lọ́wọ́ ni pásítọ̀ kan tí ìyá wa ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ wá gbàdúrà nílé, ó gbójú sókè, ó rí àwọn àdán tó so rọ̀ lórí igi, ó ní àwọn ayé ló ń ṣèpàdé níbẹ̀. Ó parí. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gé e.
Ìyá wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Tó bá ti di nǹkan bí aago kan ọ̀sán, wọ́n á gbé àga wọn, wọ́n á rìn lọ síbi tí igi wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n á dúró. Wọ́n á wo ilẹ̀. Wọ́n á tún gbé àga wọn padà sínú ilé. Ojoojúmọ́ ni, wọn kì í sì í sọ nǹkan kan. Intálọ́ọ̀kì yẹn gbóná débi pé alángbá tó bá fẹ́ sọdá ẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á gbé èkejì, bíi pé ó ń jó bàtá. Yàrá tí kò lò ju fáànù lọ rí, a ti ra éèsì sí i. Láti oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n ti gbé yúnítì iná àwa Band A, àwa tí wọ́n ń fún níná jù, dé náírà 225, ìdajì owó tí àwọn àbúrò mi ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, iná ló ń gbé e lọ. Wọ́n kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n lè gé ibòji. Wọ́n tún ń sanwó kí ìyá lè rí òmíràn.

Ìyá Ìbejì Agége
Àdùkẹ́, o pa mí lẹ́kún nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá tó ń gbé àga kiri yẹn.

Dáda Ọlọ́kadà
Kí lorúkọ pásítọ̀ náà?

Àdùkẹ́ Bódìjà
Mi ò ní sọ.

Àlàbí Ọmọ Ààfáà
Kì í ṣe pásítọ̀ nìkan o. Ààfáà ló ní kí wọ́n gé tiwa l'Ọ́jà Ọba, mo sì mọ ààfáà náà dáadáa torí pé ọmọ ẹ̀ ni mí. Igi furúùtù ni. Ẹ̀ṣẹ̀ tí igi ṣẹ̀ ni pé òwìwí kan ké lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Kọ́lá Oníkọ̀rólà
Àjẹ́ wo ló ń jókòó sórí mángòrò? Ìrókò là ń gbọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ọmọ Èkó Gidi
Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí ìrókò l'Ékòó? Àjẹ́ náà á ṣe é bí agbára ẹ̀ bá ṣe mọ. Orí máàsìtì ni wọ́n wà báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì dáa níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Agége
Ẹ má fi àwọn ìyá wa ṣàwàdà o. Mi ò sí níbẹ̀.

Fadérera Òṣogbo
Ẹ̀rù tẹ́ ẹ fi gé igi ní Bódìjà, òun náà ló fi igi sílẹ̀ fún wa l'Óṣogbo. Ẹ lọ wọ igbó Ọ̀ṣun lọ́sàn-án gangan nínú oṣù kẹta kẹ́ ẹ wò ó. Ọjà ni mo ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀wù ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Mo gba ẹnu ọ̀nà wọlé, n kò tíì rìn tó ogún ìṣísẹ̀, ara mi ti yí padà. Ṣe ni mo dúró. Ọ̀bọ kan jókòó sórí ògiri, ó ń wò mí bíi pé mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Hẹ́kítà 75 péré ni o, inú ìgboro ló sì wà, ilé ti ń rọ́ mọ́ ọn. Tí kì í bá ṣe pé èèyàn ń bẹ̀rù ibẹ̀, tí Àdùnní Olóòrìṣà, Susanne Wenger, ọmọ Austria yẹn, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ò sì fàáké kọ́rí, wọn ì bá ti gé e ní pílọ́ọ̀tì kí àjọ UNESCO tó kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005.

Ayọ̀ Díkónì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó òrìṣà wọ inú ọ̀rọ̀ ooru.

Fadérera Òṣogbo
Ta ló kó o wọ̀ ọ́? Ta ló kó àjẹ́ wọ̀ ọ́ ná?

Ayọ̀ Díkónì
Ṣọ́ọ̀ṣì tiwa ní igi dongoyárò mẹ́rin. Abẹ́ ẹ̀ la ti ń ṣe kíláàsì ọmọdé. Kì í ṣe gbogbo pásítọ̀ o.

Àdùkẹ́ Bódìjà
Mi ò sọ pé gbogbo pásítọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀kan ni mo sọ.

Màmá Ṣeun
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bú intálọ́ọ̀kì, ẹ ti gbàgbé ẹrẹ̀. Ẹ ti gbàgbé ejò. Paramọ́lẹ̀ ni mo fi ọmọ odó pa lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ wa ní 2013, ibi tí ọmọ mi ti ń ṣeré ò jìnnà tó ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà la gé e. Tí ooru bá mú mi, n óò wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Tí paramọ́lẹ̀ bá bu ọmọ jẹ, kí ni n óò wẹ̀?

Àdùkẹ́ Bódìjà
Màmá Ṣeun, mi ò lè bá yín jiyàn lórí ìyẹn.

Dáda Ọlọ́kadà
Ṣùgbọ́n àgbálùmọ̀! Ẹ ì bá gé koríko.

Màmá Ṣeun
Ìwọ ló máa wá gé e?

Bíríkìlà Ọmọ Ọ̀yọ́
Igi nìkan kọ́. Èmi tí mò ń kọ́lé fún yín ni kẹ́ ẹ bi. Oníbàárà á ra àbọ̀ pílọ́ọ̀tì, á ní kí n kọ́ ọ dé ògiri aládùúgbò. Kò fẹ́ fàráńdà, ó ní ó ń jẹ àyè. Fèrèsé tí wọ́n ń fà síwá fà sẹ́yìn ló fẹ́ torí pé ó gbáfẹ́, bẹ́ẹ̀ ìdajì ẹ̀ péré ló ń ṣí lẹ́ẹ̀kan. Lúfà àtijọ́ tẹ́ ẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣí. Pánù dúdú ni wọ́n tún ń béèrè báyìí, wọ́n ní ó jọ ti òkè òkun. Dúdú o! Ẹ wọ aṣọ dúdú kẹ́ ẹ dúró sí Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ wá ròyìn fún mi.
Ilé bàbá bàbá mi l'Ọ́yọ̀ọ́, alámọ̀ ni. Ògiri ẹ̀ nípọn tó láti igúnpá mi dé orí ìka. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ inú ẹ̀ máa ń tutù débi pé adìyẹ ló ń bá wa du ibi tá a máa dùbúlẹ̀ sí. Kẹ́ ẹ sì tó bi mí: búlọ́ọ̀kù oníhò ìǹṣì mẹ́fà ni mo fi kọ́ ti ara mi. Ìyàwó mi ní òun ò wá ilé ọkọ láti wá gbé nínú ẹrẹ̀.

Màmá Ṣeun
Ìyàwó yín gbọ́n.

Kọ́lá Oníkọ̀rólà
Omi náà tún wà ńbẹ̀. Ilẹ̀ tá a ti fi sìmẹ́ǹtì dì, òjò ò ríbi wọ̀. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, orí tábìlì ni mo sùn mọ́jú. Bàbá mi ní tèmi kéré, àwọn ló rí ìgbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú ní 1980.

Àlàbí Ọmọ Ààfáà
Kọ́lá, ooru là ń sọ, o ti gbé omíyalé dé.

Kọ́lá Oníkọ̀rólà
Sìmẹ́ǹtì kan náà ni.

Ṣadé Peckham
Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi kẹ́ ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ 19 oṣù keje 2022, Lọ́ńdọ̀nù kọjá ìwọ̀n 40. Àjà kẹfà ni fúláàtì mi, ilé tí wọ́n kọ́ kí ooru má baà jáde, fèrèsé ò sì ṣí ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ kí ọmọdé má baà já bọ́. Mo wá fáànù dé ṣọ́ọ̀bù márùn-ún, kò sí. Mo pe ìyá mi n'Ílọ̀rin pé ooru fẹ́ pa mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n ní "Ṣadé, ìlú òyìnbó ti bà ẹ́ jẹ́." Nígbà tó dalẹ́, mo kó àwọn ọmọ lọ sínú páàkì, a jókòó sábẹ́ igi. Gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀, tòyìnbó tèèyàn dúdú, wọ́n bọ́ bàtà, ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ti kọjá aago mọ́kànlá ká tó padà sílé. Mo fọwọ́ kan ògiri yàrá, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọmọ Èkó Gidi
Ẹ ti jápa tán, ẹ tún fẹ́ bá wa pín ooru.

Ṣadé Peckham
A ti san owó físà ẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ìta la máa ń jókòó sí ká lè gba atẹ́gùn òkun. Ìyá àgbà mi á ní "ó ti dé," bíi pé àlejò ni. Ilé alájà mẹ́rin, alájà mẹ́fà, ti tò síwájú wa báyìí. Àlejò yẹn ò rọ́nà wọlé mọ́.

Tísà Físíìsì
Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ohun tí mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ogún ìlà sọ lẹ ti sọ yẹn.

Ọmọ Èkó Gidi
Èkó ní ọjọ́ igi gbígbìn tiẹ̀ o, July 14 ọdọọdún. Àwa ọmọ òpópónà wa náà gbin mẹ́fà lọ́dún kan, a ya fọ́tò, a rẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́ jẹ márùn-ún. Ìkẹfà, ẹni tó ni ewúrẹ́ ló fi mọ́tò gùn ún.

Ìyá Ìbejì Agége
Kí n gbin kí ni? Ibi tí mò ń gbé, ibi tí n óò sá aṣọ sí gan-an, títò la máa ń tò fún un.

Ayọ̀ Díkónì
Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀gbìn dongoyárò, kó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀fẹ́ ni. Ó ń hù kíákíá, ewé ẹ̀ korò, ewúrẹ́ ò sì da tiwa láàmú rí. Àdùkẹ́, ẹ wá mú méjì fún ìyá.

Àdùkẹ́ Bódìjà
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Àfi ká kọ́kọ́ hú intálọ́ọ̀kì mítà méjì. Mo ti kọ̀wé sí àwọn àbúrò mi. Ọ̀kan ti dáhùn, ó ní ṣé mo mọ iye tí àwọn fi ṣe é.

Àkànní Ìdí Mángòrò
Ẹ má bínú, mo sùn lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìbéèrè Dáda ni. Orí ibi tí mángòrò náà wà ni kọnkéré tí mo dùbúlẹ̀ sí yẹn. Èmi ni mo pe àwọn oníṣẹ́ ayùn ní 2015, kí mọ́tò mi lè ríbi dúró. Mo ti ta mọ́tò náà.

Bíríkìlà Ọmọ Ọ̀yọ́
Pákó ẹ̀ ńkọ́?

Àkànní Ìdí Mángòrò
Wọ́n ní pákó mángòrò ò níyelórí. Wọ́n bá mi kó o lọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni.

Bíríkìlà Ọmọ Ọ̀yọ́
Hà! Wọ́n rẹ́ yín jẹ. Pákó mángòrò ń tà.

Àlàbí Ọmọ Ààfáà
Igi lọ, mọ́tò lọ, pákó lọ. Ooru ló kù fún un.

Dáda Ọlọ́kadà
Àdùkẹ́, pásítọ̀ yẹn ńkọ́? Kódà lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ẹ̀.